Ẹ̀yin Ẹnjiníà Lekki, Ta Ló Pa Ajá Yín Lẹ́nu Mọ́?

Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, láti Lekki Phase 1 títí dé Sangotedo, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn lónìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá bá wí, kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì máa yọ́jú wo ẹni tó jókòó tì í.

Ẹnì kan wà lọ́kàn mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí bí mo bá dárúkọ ẹyọ kan, ogún ni yóò bínú. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ẹnjiníà Dà-á-síbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Káàdì rẹ̀ sọ pé ó ń ṣe sólà, ó ń ṣe ínfátà, ó ń ṣe CCTV, ó ń ṣe wáyà orí ògiri, ó sì ń ṣe AI. Àyè kò ṣẹ́kù lórí káàdì náà fún nọ́ńbà fóònù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń fún un lówó oúnjẹ ni bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń tan pọ́ńpù bí omi táńkì bá lọ sílẹ̀, tó sì ń pa á bó bá kún.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, bọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Orí ATmega328P ló ṣe é sí, chip tó wà lórí Arduino Uno. Ó mọ̀ pé bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, tí pọ́ńpù wá fa iná lójijì, chip lè há sójú kan, kó má gbọ́, kó má gbà. Ìdí nìyẹn tó fi tan watchdog, aago kékeré inú chip tó ń ṣọ́ kóòdù bí ajá ṣe ń ṣọ́lé. Kóòdù gbọ́dọ̀ máa bọ́ ajá yìí lóòrèkóòrè. Bí kóòdù bá há, oúnjẹ kò ní dé, ajá á bu chip jẹ, gbogbo nǹkan á sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ti ATmega ní aago tirẹ̀ tó ń lu ìgbà 128,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì lè fara da ebi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ. Dà-á-síbẹ̀ kọ wdt_enable(WDTO_8S), ó kọ wdt_reset(), ó gbowó rẹ̀, ó lọ.

Ọdún 2021 dé, chip wọ́n kárí ayé. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, náírà náà já wálẹ̀. Dà-á-síbẹ̀ ṣírò owó, ó ní STM32F103 ni ọwọ́ òun tó. Kò sẹ́ni tó bá a jà lórí ìyẹn. Ìjà wà níbi tó ti da kóòdù àtijọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà figbe ta pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ avr/wdt.h. Kí ni ọ̀gá ṣe? Ó fi ìlà méjì (//) síwájú gbogbo ibi tí ajá wà, kí kọ̀ǹpútà lè fò wọ́n. Ariwo dákẹ́. Ajá náà dákẹ́. Ó gbé bọ́ọ̀dù lọ sílé Alhaja kan ní Badore.

Kò pẹ́, fóònù dún.

“Ìwọ ọmọ yìí, omi ti ń ya lórí táńkì láti ìdájí. Ṣé àgbàrá ni mo ní kó o wá ṣe fún mi ni?”

“Ẹ má bínú, Mà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.”

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Bọ́ọ̀dù tí kò ní SIM, tí kò ní Wi-Fi, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí láyé ẹ̀!

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni; rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń báni mu. Ti Dà-á-síbẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣo ó. Ó padà sílé, ó jí ajá, ṣùgbọ́n iye tó wà nínú kóòdù àtijọ́ ló tún kó wá. Nínú kóòdù ATmega, WDTO_8S kì í ṣe 8 rárá, 9 ni: ó túmọ̀ sí ìpele kẹwàá lára àkókò tí chip náà ní, torí òdo la ti bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó fi 9 yẹn sínú watchdog STM32, èyí tí wọ́n ń pè ní IWDG. Aago IWDG ń lu ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi 4 pín in, tí ajá sì ń ka láti 9 bọ̀ sí òdo, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló rí. Kí chip tó la ojú tán, ajá ti bù ú jẹ. Ó tún la ojú, ajá tún bù ú. Dà-á-síbẹ̀ ní wọ́n ta chip tó bàjẹ́ fún òun ní Ikeja.

Ọ̀rẹ́ kan ṣàánú rẹ̀, ó bá a ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi 256 pín in, tí a sì fi 4095 sí i, ajá lè dúró ìṣẹ́jú-àáyá 26. Inú ọ̀gá dùn. Kò ka ìwé chip náà dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé 40,000 yẹn lè jẹ́ 30,000, ó sì lè jẹ́ 60,000. Ìṣẹ́jú-àáyá 26 tó ń yangàn lé lórí lè di 17, ó sì lè di 35. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Kí irọ́ tó pa fún Alhaja lè di òótọ́, ó fi SIM sí bọ́ọ̀dù tuntun. Látijọ́, ó máa ń pa ajá pẹ̀lú wdt_disable() kó tó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí iṣẹ́ náà máa ń pẹ́. Lórí STM32, IWDG tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, àfi kí chip tún bẹ̀rẹ̀. Kí kóòdù lè gbà, Dà-á-síbẹ̀ dá wdt_disable() tirẹ̀ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń pẹ́, ajá ń bù ú, ó ń padà wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́jú.

Ọgbọ́n tó kẹ́yìn ló burú jù. Ó ní kí táímà kan máa bọ́ ajá fúnra rẹ̀. Kóòdù há, omi ń ya, táímà ń bọ́ ajá. Ajá sanra, pálọ̀ Alhaja kún fún omi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá lọ sórí ESP32, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nínú ESP-IDF, watchdog tó ń ṣọ́ àwọn iṣẹ́ inú chip máa ń dúró ìṣẹ́jú-àáyá 5, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ò bá yí ètò rẹ̀ padà, yóò kàn gbó sórí kọ̀ǹpútà ni, kò ní bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ta ló so kọ̀ǹpútà mọ́ bọ́ọ̀dù tó wà lórí táńkì ní Ajah?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí Lekki. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1994, kóòdù há nínú ọkọ̀ òfuurufú Clementine, tí àwọn Amẹ́ríkà rán lọ wo òṣùpá. Chip rẹ̀ ní watchdog, ṣùgbọ́n wọn kò kọ kóòdù tí yóò lò ó. Ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ náà jó epo fún ìṣẹ́jú 11 títí epo fi tán, ọkọ̀ sì ń pòòyì ní nǹkan bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ti Alhaja ṣì sàn, pálọ̀ ṣeé nù.

Ẹ̀yin ẹnjiníà, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ chip, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìwé rẹ̀: aago wo ló ń lu fún ajá? Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló lè dúró? Ṣé ó ṣeé pa? Báwo ló ṣe ń rí lẹ́yìn tó bá ti bu chip jẹ? Ti ATmega kì í kú lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ló ń ṣọ́ra lọ pẹ̀lú àkókò tó kúrú jù. Ti STM32 máa ń sùn títí kóòdù yóò fi jí i, àyàfi bẹ́ ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ pé kó máa jí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí Ẹnjiníà mú kóòdù rẹ̀ há lójú yín. Bí bọ́ọ̀dù bá jí fúnra rẹ̀, ẹ san án. Bí kò bá jí, tó sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ dá owó yín padà sápò.