Akèǹgbè Ọgbọ́n Dé Ẹsẹ̀ Òkè Aso

Ààlọ́ o! Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Kìnnìún ọba ẹranko, Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti akèǹgbè kan.

Ẹ rántí pé láyé àtijọ́, Ìjàpá kó ọgbọ́n ayé sínú akèǹgbè, ó gbé e kọ́ àyà, kò lè gun igi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dé ìdí igi mọ́. Abuja ló gbé e lọ.

Ó kọ́kọ́ yí ìlú ká. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìbákà olórin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ kọ díẹ̀ kí n gbọ́." Ìbákà kọrin. Ó dé ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́, ìyẹn pàlọ́. Ó dé kíláàsì Ẹyẹlé ní Nyanya, ó jókòó sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Gbogbo ohun tó gbọ́ ló rọ sínú akèǹgbè. Kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ló bá gba ààfin lọ. "Kábíyèsí, kò sóhun tí akèǹgbè yìí ò mọ̀. Kì í bèèrè owó oṣù, kì í da iṣẹ́ sílẹ̀. Agolo epo pupa kan láàárọ̀, kan lálẹ́, ó ti tó o. Èmi náà ni mo sì ń ta epo."

Inú ọba dùn. Lásìkò yẹn, Ẹyẹlé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ti iléèwé pa, wọn ò rí owó gbà. Ọba bi Ìkookò tó ń tọ́jú àpò ìlú pé, "Owó àwọn Ẹyẹlé ńkọ́?"

"Kábíyèsí, kò sówó."

"Ti akèǹgbè ńkọ́?"

"Ìyẹn ti jáde láàárọ̀."

Wọ́n gbé akèǹgbè sórí àga olùkọ́. Wọ́n lu agogo ìkéde láti Bwari títí dé Abaji. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, àlejò pàtàkì kan, Erin, ti òkèèrè wá. Akèǹgbè fọhùn orin, ìlú bẹ́ sí ijó. Ìbákà tó dúró lẹ́yìn èrò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ló bá figbe orin ta. Ẹ bá mi gbè é:

Orin ta lẹ̀ ń jó sí un?
Jíńgín-jìngìn.
Orin èmi Ìbákà ni,
Jíńgín-jìngìn.
Ìjàpá gbà á, kò sanwó,
Jíńgín-jìngìn.
Ẹyẹlé kọ́ni, kò jẹun,
Jíńgín-jìngìn.
Akèǹgbè jókòó, ó ń mu epo,
Jíńgín-jìngìn.

Ọba ní kí wọ́n lé Ìbákà jáde. Kí ọ̀rọ̀ má baà di ìtìjú, Erin yíjú sí ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́: "Ọmọ dáadáa, mẹ́ta lọ́nà méjì, mélòó ni?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi akèǹgbè."

Epo ti tán. Akèǹgbè ò fọhùn. Ọmọ ń wo akèǹgbè, ọba ń wo ọmọ, Ìjàpá ń wo ọ̀nà.

Kìnnìún bínú, ó ní kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ta ni alága? Ìjàpá. Ta ni akọ̀wé? Akèǹgbè. Kí ni wọ́n fẹnu kò sí? Kí ọba fi epo kún epo.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá ń bọ́ akèǹgbè, tó ń febi pa àwọn tó ni ọgbọ́n inú rẹ̀, òfìfo ni yóò bá níbẹ̀ lọ́la. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé: lọ́dún 2025, àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba l'Abuja da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, torí owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000, tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ò san. Ní September ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ N-ATLAS ní New York, ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Ó dáa kí ẹ̀rọ gbédè wa. Àmọ́ lẹ́nu olùkọ́, olórin àti apàlọ́ ni èdè náà wà kó tó dénú ẹ̀rọ. Ẹ san tiwọn ná, kẹ́ ẹ tó ra epo.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n ò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!