Àgbájọ Ọwọ́, Àgbájọ Àyà

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn tó pa òwe yìí kò rí ìwé tí àwọn onímọ̀ físíìsì tẹ̀ jáde láti ilé ìwádìí CERN ní 2015. Ojú-ewé 33 ni. Mẹ́sàn-án nìkan ló wà fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. 24 tó kù, orúkọ ni, òǹkọ̀wé 5,154. Ká ní àwọn àgbà rí i ni, wọn ì bá ti tún òwe ọ̀hún pa: ẹrù kan, àyà ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Ní Awóyè, létí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹrẹ̀ ni èbúté. Bí omi bá fà, tí ọkọ̀ ńlá jókòó, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ń bọ́ sílẹ̀ lọ tì í. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ. Tí ọkọ̀ bá ti léfòó, ẹsẹ̀ ni kí o wò. Ẹrẹ̀ á ti dé orúnkún ẹni tó tì í. Ẹni tó dúró lórí afárá pákó tó ń pariwo "ẹ tì í, ẹ tì í!", ẹsẹ̀ tiẹ̀ á mọ́ bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní kì í wo ẹsẹ̀, òǹkà ni wọ́n ń wò. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní San Diego, ló gbé èyí tó lókìkí jù kalẹ̀ ní 2005, wọ́n ń pè é ní h-index. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹja ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹja mẹ́wàá wà nínú agbọ̀n rẹ, tí èyí tó kéré jù gùn tó ìka mẹ́wàá, mẹ́wàá ni òǹkà rẹ. Ẹja ni ìwé tí o kọ. Ìka ni iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíì tọ́ka sí i. Kò burú. Àmọ́ bí o bá fi gbogbo ayé rẹ pa àbùùbùtán kan ṣoṣo, tí gbogbo ìlú ń bù jẹ tí kò tán, oókan ni òǹkà rẹ. Ẹlẹ́ja wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ fi ìlọ́po mẹ́wàá jù ọ́ lọ.

Èyí ló ń mú mi rántí Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1965. Lọ́dún yẹn, òun àti Antony Hewish kọ ìwé kúkúrú kan sínú ìwé àtìgbàdégbà Nature: wọ́n ní nínú ìkùukùu ojú ọ̀run kan, Crab Nebula (akàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ọmọ Awóyè mọ akàn dáadáa) ohun kékeré kan wà tí ìtànṣán rédíò rẹ̀ ju títóbi rẹ̀ lọ. Orúkọ méjì péré. Ní 1968 làwọn ẹlòmíì wá rí i pé òkú ìràwọ̀ ni, tó ń yí bí òkòtó, nǹkan bí ìgbà ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hewish pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti 1974. Okoye wálé, ó ń kọ́ni ní Nsukka. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Nígbà tí wọ́n rí ìkọlù òkú ìràwọ̀ méjì lójú ọ̀run ní oṣù Kẹjọ 2017, ọ̀pọ̀ awò káàkiri ayé ló jùmọ̀ wò ó. Àgbájọ ọwọ́ gidi nìyẹn.

Ti ọ̀dọ̀ wa ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́ka sí ìwé mi nínú àpilẹ̀kọ yín, èmi náà á tọ́ka sí tiyín."

"Kí ni ìwé ọ̀hún dá lé lórí?"

"Ẹ ò tiẹ̀ ní láti kà á, sà."

Àáró ni wọ́n sọ ọ́ dà, ro tèmi kí n ro tìrẹ, àfi pé kò sẹ́ni tó mú ọkọ́ dání. Cyril Labbé, ará Faransé, fi ibi tí irú àáró bẹ́ẹ̀ ń já sí hàn ní 2010. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kọ bí ọgọ́rùn-ún àyédèrú ìwé tó ń tọ́ka síra wọn, ó fi Ike Antkare ṣe òǹkọ̀wé wọn. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Google Scholar fún un ní h-index 94, ó fi Einstein sẹ́yìn.

Awóyè fúnra rẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú ìwé. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn bó ṣe ń jẹ ẹ́, ìwé ń tọ́ka síwèé. Òkun kì í kàwé. Ilé ló ń kà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Karùn-ún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná nínú òkun iwájú Awóyè, ó sì jó ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá fẹ́ wá kọ̀wé lé ìyẹn lórí, ẹ káàbọ̀. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ ká ṣòkòtò yín sókè. Ẹrẹ̀ wà ní èbúté.