Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìjọkà

Ìfẹ̀yìntì ló kó bá mi. Mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ilé dá, ni mo bá gbé The Murder at the Vicarage ti Agatha Christie kà. Ìwé náà jáde ní 1930. Òun ni odindi ìwé àkọ́kọ́ tí Miss Marple ti tú àṣírí: màmá àgbà tí kò lọ́kọ, tó kàn ń tọ́jú òdòdó, tó sì ń ṣọ́ gbogbo abúlé. Wọ́n pa ọ̀gágun kan sílé àlùfáà. Màmá ní ó kéré tán, òun mọ èèyàn méje tó lè ṣe é. Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Àjà Ló Lẹrù, tiẹ̀ ti ṣe ọlọ́pàá rí. Ojú àti etí nìkan ni màmá yìí ní. Èmi náà ní méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wá gèlè aṣọ òkè mi tì. Mo ka afurasí méje. Mo yọ baálé mi kúrò, nítorí kò mọ gèlè yàtọ̀ sí ìborùn. Mo yọ, mo yọ, ó ku ẹyọ kan: ọmọ àbúrò mi tó wá kí wa láti Òǹdó.

N kò pe àbúrò mi lórí fóònù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í kéde. Mo wọ mọ́tò. A kọjá Òwenà, n kò tiẹ̀ bojú wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà. Mo ṣí ìwé mi síbi tí mo fi bébà pélébé kan sàmì sí, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ọ̀daràn mọ́.

Àṣé àna àbúrò mi wà ní pálọ̀. Mo ní kí gbogbo wọn jókòó. Mo rojọ́ títí.

Ọmọ náà ní, "Màmá Àkúrẹ́, gèlè wo?"

Mo na ìwé sí ọmọ náà bí ẹgba. Bébà já bọ́. Ó mú un, ó kà á sókè: rìsíìtì alágbàfọ̀ àdúgbò wa ní Ìjọkà, gèlè kan, orúkọ mi.

Àbúrò mi mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun táráyé ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ̀yin wá a dé Òǹdó, ó wà nínú ìwé yín."

Mo bẹ ọmọ tí mo gbé pọ̀n lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Wọ́n gbé iyán fún mi, mo dorí kodò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn irú ìwé yìí, kẹ́ ẹ tó fura sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ ka bébà tẹ́ ẹ fi sàmì síbi tẹ́ ẹ kà dé.