Ìyá Oníwàrà Ló Dá Ìjà Náà Sílẹ̀

Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Ẹni tó bá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, tí gbogbo ọ̀rọ̀ Ìwéré-Ilé ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà, kí ló fẹ́ fi etí ṣe? N kì í wá ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ló ń yà kí mi. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ látòkèdélẹ̀ nìyẹn, bí Bàbá Téló àti Ìyá Oníwàrà ṣe di ẹni tí kì í kí ara wọn dáadáa mọ́, nítorí àwọn òṣèré tí wọn kò fojú kàn rí.

Ọmọ ọmọ Bàbá Téló tó ń kàwé n'Íbàdàn ló gbé fúláàṣì kan wálé ọdún. Nǹkan tí kò gùn tó ìka ọwọ́, sínimá àtijọ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tiwa àti ti òyìnbó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a ti bó ẹ̀gúsí títí ọwọ́ ń ta wá (ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ẹ̀gúsí kì í tán nílẹ̀ níbí, èèyàn kàn ń sinmi lórí rẹ̀ ni), ni wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fa jẹnẹrétọ̀. Ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ yẹn? Owó tí wọ́n fi rà á, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á gbọ́ ti sínimá ná.

Ayé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i, èyí tí Hubert Ògúndé gbé jáde lọ́dún 1979, tí Ọlá Balógun darí. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá Òṣìkà, olórí àwọn àjẹ́, wọ̀yá ìjà. Ìyá Oníwàrà, tó ṣì ń dirun ṣùkú nígbà tí sínimá yẹn jáde, pàtẹ́wọ́ gbàà, ó ní, “Ẹ wò ó! Ẹni tó ni sínimá nìyẹn. Àwọn yòókù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tò.”

Bàbá Téló kò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. “Òṣìkà ló ni ín, ìyàwó wa. Bí kò bá sí Òṣìkà, kí ni Ọ̀ṣẹ́túrá fẹ́ rí ṣe? Àmàlà ni ì bá jókòó máa jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Ó di rògbòdìyàn. Ìyá Oníwàrà ní kí Bàbá Téló sọ ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó ṣe Òṣìkà, ó ní ṣùgbọ́n Ògúndé, ọmọ tí wọ́n bí lánàá mọ̀ ọ́n. Ó ní Ògúndé, ará Òṣoṣà, ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá, kó tó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ láyé ogun Hitler, àti pé nígbà tó ṣe Yorùbá Ronú lọ́dún 1964, eré náà dun ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn débi pé wọ́n fòfin dè é. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí Ìyá Oníwàrà kò sọ ni ti àwọn ìyàwó. Ẹ mọ̀ pé nígbà náà, bí obìnrin bá kọ́ eré tán, ọkọ á ní òun kò fẹ́ ìyàwó tó ń jó níwájú èrò, ó parí, eré ti ya. Ògúndé rò ó, ó tún un rò, ó fẹ́ wọn. Wọ́n ju mẹ́wàá lọ, gbogbo wọn sì ń ṣe eré lórí ìtàgé kan náà lábẹ́ ọkọ kan náà. Orogún kan péré ni Ìyá Oníwàrà ní, àdúgbò kì í sì í sùn. N kò sọ ọ́ síta lọ́jọ́ náà. Inú ni mo fi sọ ọ́.

Bàbá Téló wá gbé Fádèyí Olóró dìde. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ sọ òótọ́: nígbà tí Àrélù ti Jímọ̀ Àlíù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ta ni ẹ ń sá fún? Ṣé olórí eré ni ẹ ń sá fún ni, àbí Òjó Arówóṣafẹ́ tó ṣe Fádèyí, tó ń pọfọ̀ tí ojú rẹ̀ ń pọ́n? Lóòótọ́, mo mọ ọmọ kan ládùúgbò yìí tó jẹ́ pé ẹ̀kọ tó bá kọ̀ láàárọ̀, ẹ ṣáà ti ní Fádèyí ń bọ̀, á gbé e mì tewétewé. Ọmọ náà ti di káńsẹ́lọ̀ báyìí, ó ń wọ agbádá. N kò ní dárúkọ. Fádèyí fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 2023, ẹ̀rín ni gbogbo ẹni tó ń sunkún rẹ̀ sì ń rín, nítorí pé kálukú ń rántí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó sá wọ̀. Charles Olúmọ tí a ń pè ní Àgbákò náà ńkọ́? Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú lọ́dún 2024, ta ló rántí pé ó ṣe olórí eré rí? Ojú rẹ̀ la rántí.

Ìyá Oníwàrà ní kò burú, àwọn aláwàdà ńkọ́? Ó gbé Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀ jáde, Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà, tó fi agogo ńlá kọ́rùn, tó de táì labalábá tó fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ pé olórin ni Bàbá Sàlá tẹ́lẹ̀, inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá dúró. Ọdún 1982 ló ṣe Ọ̀run Móoru. Ibí ló yẹ kí inú bí ẹ. Bàbá náà kó owó tirẹ̀ àti owó ẹ̀yáwó sínú sínimá yẹn, kó tó yí i káàkiri tán, àwọn olè ti dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á ní gbogbo ìgboro. Gbèsè yẹn kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 2018, àwọn tí wọ́n ra kásẹ́ẹ̀tì olè yẹn wà lára àwọn tó ń ṣèdárò. Bàbá Téló náà rà á. Èmi ni mo bá a gbé e pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ má wí i síta.

Wọ́n tún gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ sí i, ti Túndé Kèlání, ọdún 1993. Ìjòyè Aṣíyànbí àti àwọn méjì kan ta ilẹ̀ àjogúnbá, ikú mú méjì, ó ku Aṣíyànbí tó ń sá kiri kí ikú má baà mú òun náà. Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ló ṣe Aṣíyànbí. Bí ó ṣe ń gba owó ilẹ̀ yẹn, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú sí ẹnì kan tó jókòó létí ògiri. Ẹni náà ní òun ń lọ tọ̀. Ìtọ̀ yẹn pẹ́ o, sínimá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó dé.

Ọmọ tó ń kàwé yẹn ló wá ní kí wọ́n simẹ̀dọ̀. Ó ní àwọn ará Hollywood ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́, pé láti ọdún 1936 ni wọ́n ti ní ẹ̀bùn Oscar ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń ti olórí eré lẹ́yìn. Ó fi bàbá òyìnbó kan hàn wá nínú Rio Bravo, sínimá kọ́bọ̀ì ọdún 1959, níbi tó ti ń bá John Wayne ṣọ́ ẹ̀wọ̀n. Walter Brennan lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ẹ̀bùn náà. Eyín àtọwọ́dá ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ní bí wọ́n bá pè é síṣẹ́, ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé ṣé pẹ̀lú eyín ni tàbí láìsí eyín. Ìyá Oníwàrà rẹ́rìn-ín títí ìbòrùn já. Mo wo ẹnu Bàbá Téló. Ó yára pa á dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà gbé The Hasty Heart sí i, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1949. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Bọ́mà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí Bàbá Àgbà tó ti ń tòògbé láti ìgbà Ayé ṣe gbọ́ Bọ́mà, ó jí. Ogun yẹn kì í ṣe ìtàn òkèèrè níbí. Àwọn ọmọkùnrin wa wà nínú ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí òyìnbó kó lọ bá Jàpáànù jà nínú igbó yẹn, ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin àti ẹgbẹ́ kọkànlélọ́gọ́rin. Inú sínimá náà, sójà Scotland kan wà tó ń jẹ́ Lachie, alágídí, agbéraga, kò fẹ́ ojúrere ẹnikẹ́ni. Kídìnrín rẹ̀ kan ti lọ, èyí tó kù ń kú lọ, kò sì mọ̀. Dókítà sọ fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n ṣe é jẹ́ẹ́. Wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Adúláwọ̀ kan wà láàárín wọn, Blossom ni wọ́n ń pè é, kò gbọ́ òyìnbó rárá, orúkọ rẹ̀ yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n pè. Òun náà mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wá fún Lachie. Lachie kọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo ibi tí sínimá náà dà sí. Lachie mọ̀ nígbẹ̀yìn pé òun ń kú. Ó fara ya. Ó ní àánú lásán ni wọ́n ń ṣe òun, pé kò sí ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí fún wọn? Ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó ni! Kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kú, síbẹ̀ ó mú ìlẹ̀kẹ̀ wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn olórí eré ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹni tí kò sọ nǹkan kan ló so mọ́. Ìyá Oníwàrà ti ń fi ìbòrùn tó já nu ojú.

Ọmọ náà bi wá pé ta la rò pé ọkùnrin yẹn jẹ́. Bàbá Téló ní dúdú Amẹ́ríkà ni, ó ní òun rí i ní èjìká rẹ̀. Ọmọ ní ará Èkó ni. Orlando Martins, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1899. Orúkọ yẹn sì jọ ti àwọn Àgùdà. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ nígbà ogun àkọ́kọ́, ó fìdí kalẹ̀ ní London, ó ja ìjàkadì fún owó, ó gbé ejò nínú sákọ́ọ̀sì, kó tó rí ẹnu ọ̀nà sínimá wọlé. Ó wà nínú Sanders of the River pẹ̀lú Paul Robeson lọ́dún 1935, sínimá tó ń yin ìjọba amúnisìn ju bó ti yẹ lọ, tí Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀. Ní 1946, wọ́n fi ṣe oníṣègùn burúkú nínú Men of Two Worlds. Ipa tí wọ́n máa ń fún dúdú nìyẹn nígbà náà: ẹrú, oníṣègùn, ẹni tó ń ru ẹrù. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Blossom. Ọkùnrin tó ti gbé ìlú òyìnbó fún ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ní kó ṣe ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó! Àwa tí a kò gbọ́ ń ṣe bíi pé a gbọ́, òun tó gbọ́ ń ṣe bíi pé òun kò gbọ́, ó sì gba owó rẹ̀.

Ọmọ tún ní ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin Amẹ́ríkà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yẹn. Ronald Reagan ni. Ẹni tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1981. Bàbá Téló dìde. Ó ní wọ́n ti fi òun ṣẹ̀sín tó, pé Ààrẹ wo ló máa ṣeré sínimá? Bàbá Àgbà ní, “Téló, jókòó. Ìwọ ti rí èyí tí kì í ṣeré rí?” Ilé wó fún ẹ̀rín.

Martins bá Edward G. Robinson ṣeré lọ́dún 1963, ó bá Robert Mitchum ṣe Mister Moses lọ́dún 1965. Ó ti padà sí Èkó nígbà náà. Ó wà nínú Kongi's Harvest tí wọ́n ṣe nílé níbí lọ́dún 1970. Ọdún 1985 ló kú.

Bàbá Téló rò pé òun ti borí, ó ní ṣé Ìyá Oníwàrà rí i báyìí pé kì í ṣe olórí eré ló ni ín. Ìyá ní Blossom kì í ṣe ìkà, kí ló kan Òṣìkà rẹ̀ níbẹ̀? Ọmọ wá fi iyọ̀ sí i. Ó ní Ògúndé náà, kó tó kú ní London lóṣù kẹrin ọdún 1990, ipa kékeré ló ṣe nínú Mister Johnson, sínimá òyìnbó tí wọ́n yà lápá Bauchi, níbi tí Pierce Brosnan tó wá di James Bond ti ṣe ọ̀kan lára àwọn olórí eré. Ògúndé tó ti ń pàṣẹ fún ẹgbẹ́ eré látọdún gbọọrọ! Ìyá Oníwàrà gbé igbá wàrà rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀.

Èmi tí mo jókòó sí àárín ti dá ẹjọ́ náà: àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Olórí eré ló ni owó, ìkà eré ló ni ariwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ẹ̀yìn wọlé, tí wọ́n ń fi ojú lásán sọ̀rọ̀, ló ni wá. Ìwé kò sì rántí wọn, odidi sínimá gan-an sì lè sọnù. Shaihu Umar, sínimá Hausa ọdún 1976, nǹkan bí ogójì ọdún ló fi sọnù kí wọ́n tó rí i níbi tí wọ́n kó fíìmù pamọ́ sí ní Jos. Ta ló mọ iye tiwa tó wà lórí àjà? Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín bá wọn rìn nínú ẹgbẹ́ eré alárìnkiri, ẹ lọ wo àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́tò, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, àti ẹni tó dúró ní ìkángun. Bí ẹ bá rí pósítà, ẹ dákun, ẹ má fi pọ́n àkàrà.