Àkọlé Ara Agolo

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò sí ẹni tó ń parọ́ tó agolo tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Agolo á ní nọ́ọ̀tì onísípánà 13 ló wà nínú òun. Ẹ ṣí i, púlọ́ọ̀gì àlòkù ló ń wò yín lójú. Ẹ jẹ́ ká má tíì na ọmọṣẹ́. Bébà a máa mu ọ́ìlì títí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tú. Máàkà tí wọ́n ní kì í parẹ́, ẹ fi àkísà tó ní bẹntiróòlù nù ún wò: á sá lọ bí onígbèsè tó rí olówó rẹ̀. Bébà irú ti rìsíìtì POS ńkọ́? Ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ooru náà ni yóò sì bà á jẹ́.

Èmi fara mọ́ ọn pé kí a fi wáyà so nọ́ọ̀tì kan mọ́ ara agolo, kó máa jẹ́rìí ara rẹ̀. Bẹntiróòlù kò lè pa á rẹ́, ńṣe ni yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí kò kàwé yóò kà á, ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì, kó ki sípánà bọ̀ ọ́. Wọ́n á ní nọ́ọ̀tì kan ti ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ahun nìyẹn. Ọ̀gá á ní ohun tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan wà lórí òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá lọ síbi ìnáwó ní Sátidé, orí náà bá a lọ nìyẹn. Àtakò kan ṣoṣo ló lágbára: lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀tì bá tán, wọ́n á tú àkọlé lò. Ẹ ṣáà má so ó mọ́ ọmọrí, torí ọmọrí kì í pẹ́ pààrọ̀ agolo.