Aago Brussels, Aago Ìbàdàn

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí a bá sun èèpo náà, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, ó máa ń fa òjé kúrò nínú omi, èèpo ẹ̀gẹ́ kò sì wọ́n n'Ìbàdàn. Ohun tó kù ni kí n rí postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, sókè òkun, níbi tí iná kò ní lọ nígbà tí àyẹ̀wò bá dé ìdajì.

Ẹni tó bá ń wá postdoc gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò gbà á lálejò. Torí pé wọ́n kọ́ mi nílé, mo kí ọ̀jọ̀gbọ́n kú iṣẹ́, mo kí i kú òtútù, mo béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ, mo ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn. Kí n tó kan òjé, lẹ́tà ti wọ ojú ìwé kejì. Mo wá fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àdírẹ́sì wọn tò lọ gbọọrọ bí orúkọ àwọn tó dáwó ìkórè lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ Peter kan ló wà nínú wọn.

Obìnrin kan ní Bẹ́ljíọ̀mù nìkan ló fèsì. Ó ní òun kọ́ ni Peter, òun kò sì níyàwó, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ sí i nípa èèpo yẹn.

Àwa méjèèjì wá jọ kọ̀wé béèrè owó Marie Skłodowska-Curie tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń san. Ẹni tó bá ti gbé orílẹ̀-èdè tó ń lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú kò lè gbà á. Èyí ò kàn mí. Ohun kan ṣoṣo tó pa èmi àti Bẹ́ljíọ̀mù pọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó wà nínú mọ́tò mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba ìwé kẹ́yìn, aago 5 ìrọ̀lẹ́ Brussels ni ìlẹ̀kùn máa tì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò látinú oṣù Kìíní: aago wọn àti tiwa dọ́gba. Ta ló sọ fún mi pé wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan tí oṣù Kẹta bá ń parí, tí wọn ò ní dá a padà títí oṣù Kẹwàá yóò fi fẹ́ tán? Oṣù Kẹsàn-án sì ni ìwé tiwa. Aago 4 wa ni aago 5 wọn.

Ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọjọ́ náà, iṣẹ́ ti parí. Mo ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n má tíì fi í ránṣẹ́, mo ṣì fẹ́ tún kómà kan ṣe. Mo tún un ṣe. Mo dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Iná lọ, mo lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ebi ń pa mí, wákàtí kan gbáko sì ṣì wà nílẹ̀, mo bá bu láfún. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè. Ọbẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi. Ó tún pè. Mo ní kí n kúkú pa ẹran rẹ́.

Nígbà tí mo máa fi ṣanwọ́, ó ti kọjá aago mẹ́rin. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fi èyí tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Òun ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Mo ṣí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè àǹfààní tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún aráyé, ohun tí mo kọ síbẹ̀ fún ara mi ni: "Wá nǹkan sọ síbí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo ní àdúrà ni.