Oríkì Atúlẹ̀-má-gbìn

Ológìnní, ọmọ ìyá ẹkùn, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ẹ̀yin Atúlẹ̀-má-gbìn, àgbẹ̀ tí kì í yá ọkọ́, tí èékánná rẹ̀ tó ó túlẹ̀!

Ibi tí mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé mi ní Ìkòlé ni ẹ tún wá ṣí láàárọ̀ yìí. Mo ti fọ́ ògúlùtu rẹ̀ kúnná, mo pò ó mọ́ eérú títí ó fi rọ̀ bí èlùbọ́. Ewé méjì-méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ lóṣòó lé e, ẹ tẹjú mọ́ mi láìṣẹ́jú. Ẹ ṣe tán, ẹ wá fi ẹ̀fọ́ mi bò ó.

Àgbẹ̀ abàmì! Àgbẹ̀ tó ń gbẹ́lẹ̀, tí kò gbìn ju ìgbẹ́ lọ. Ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ yàgbẹ́, ìgbẹ́ àná ò tíì gbẹ, ẹ tún ti ń gbẹ́ tòní. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yunifásítì FUOYE wà ní Ìkòlé níbí. Ẹ ò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí, síbẹ̀ ẹ̀ ń pín ajílẹ̀ kiri láìgbowó. Wọ́n ní bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á dilé èkúté. Ẹ ṣáà wà nílé, ọgbà mi dilé ìgbẹ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n bọ rí ní Íjíbítì, tí wọ́n gbẹ́ ère òrìṣà Bastet olórí ológbò fún! Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ilẹ̀ aṣálẹ̀ pọ̀ sí, kí ló dé tó jẹ́ ebè mi?

Ológbò-mi lọ́jọ́ eku, ológbò-àdúgbò lọ́jọ́ ìgbẹ́! Bí ẹ bá pa eku, aládùúgbò mi á na àyà: "Ológbò mi nìyẹn." Bí ẹ bá ṣe bí ẹ ti ń ṣe lẹ́yìnkùlé mi, ẹ di ti gbogbo àdúgbò, àfi bí ọ̀pá iná.

Ìwọ ológbò yìí, aboyún ni èmi tí mò ń ro ọgbà yẹn! Kòkòrò àrùn Toxoplasma lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, ó lè pẹ́ nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Ṣe eré nìyẹn?

Ó dáa. Ẹ má bínú, Atúlẹ̀-má-gbìn. Àwọn kan ní kí n da kẹrosíìnì sí ebè. Ẹ̀fọ́ wo ni n ó wá jẹ? Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo tẹ́ lé e, mo fi ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ ẹlẹ́gùn-ún há àárín rẹ̀, mo sì ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, torí mo mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ tó rọ̀ lẹ fẹ́ràn.

Ológbò-mi lọ́jọ́ eku, òkìtì iyanrìn kan wà lójúde aládùúgbò mi, èyí tó fẹ́ fi kọ́lé. Ó gbẹ, ó rọ̀, kò lẹ́gùn-ún. Ẹ lọ túlẹ̀ níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀. Ó ní, "Ológbò ta ni?"